Òkúta lábẹ́ awọ: ìbéèrè àti ìdáhùn nípa kálíṣíọ̀mù tó lọ dì síbi tí kò yẹ

Nọ́ọ̀sì ni mí ní ẹ̀ka awọ ara. Ìbéèrè wọ̀nyí ni wọ́n ń bi mí ṣáá, lójúkojú àti lórí WhatsApp. Mo tò wọ́n láti orí èyí tó rọrùn lọ sórí èyí tó díjú. Èyí tó bá kàn yín ni kẹ́ ẹ kà.

Kí ni nǹkan líle tó wà lábẹ́ awọ mi yìí gan-an?

Bó bá le bí ẹ̀kùrọ́, tí orí rẹ̀ ń funfun, tí nǹkan bí ẹfun sì ń tinú rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ kálíṣíọ̀mù. Irú èyí tó wà nínú eegun àti eyín náà ni, kálíṣíọ̀mù àti fọ́sífétì tó di ara wọn mú. Àwọn dókítà ń pè é ní calcinosis cutis. Rudolf Virchow, ọmọ Jámánì, ló kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ ní ọdún 1855.

Kálíṣíọ̀mù tó wà lára àgbàlagbà tó bíi kìlógíráàmù kan. Nínú 100 rẹ̀, 99 wà nínú eegun àti eyín, ìwọ̀nba tó kù ló ń yí nínú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara. Ohun tí à ń sọ yìí ni pé díẹ̀ nínú rẹ̀ ti lọ jókòó sábẹ́ awọ, sínú ọ̀rá, tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ oríkèé.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí eéwo tàbí kókó ọ̀rá?

Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́. Eéwo máa ń gbóná, ó máa ń ro èèyàn, bó bá sì ti pọ́n, á rọ̀. Kókó ọ̀rá rọ̀ mẹ̀lọ̀mẹ̀lọ̀, á máa yẹ̀ lábẹ́ ìka yín. Kálíṣíọ̀mù le gbagidi. Ní orí ìka ọwọ́, ńṣe ló máa dà bíi pé iyanrìn há sábẹ́ awọ.

Èyí tó máa ń da àwọn èèyàn láàmú jù ni ti àrùn oríkèé tí wọ́n ń pè ní gout, nítorí òun náà ń ṣe kókó funfun sí ìka àti etí. Ásíìdì tí wọ́n ń pè ní uric acid ni tiẹ̀, kì í ṣe kálíṣíọ̀mù. X-ray lásán sábà máa ń yanjú ọ̀rọ̀ náà: kálíṣíọ̀mù máa ń hàn funfun báláú lórí fọ́tò bí eegun, kókó gout kì í hàn tó bẹ́ẹ̀.

Ṣé ó ń ràn? Ṣé àfiṣe ni?

Kò ràn. Ẹ lè jọ jẹun, ẹ lè jọ sùn, ẹ lè wọ aṣọ ara yín.

Ní ti àfiṣe, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀, torí mo mọ ìdí tí ọkàn èèyàn fi ń lọ síbẹ̀. Ìyá kan kó tirẹ̀ wá sínú páálí ìṣáná. Ó tú u sórí tábìlì níwájú mi: ẹyọ mẹ́tàlá, funfun, kò ju horo ìrẹsì lọ, gbogbo rẹ̀ ló sì tinú ìka rẹ̀ jáde láàárín ọdún méjì. Ilé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti sín gbẹ́rẹ́ fún un. Àrùn tí ń jẹ́ scleroderma, èyí tó ń mú awọ le, ló ń bá a jà, ẹnikẹ́ni kò sì tí ì yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò láti ọjọ́ yìí wá.

Ṣé mílíìkì, edé àti ẹja tí mò ń jẹ ló fà á? Ṣé kí n jáwọ́?

Ẹ má jáwọ́. Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ní àìsàn yìí, kálíṣíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ wọn kò pọ̀ jù, kò kéré jù. Ìṣòro náà wà níbi tí kálíṣíọ̀mù lọ dì sí, kò sí nínú abọ́ oúnjẹ. Ẹni tó bá fi mílíìkì sílẹ̀ kò ní í rí kí òkúta náà yọ́. Eegun rẹ̀ ló máa jìyà, pàápàá bó bá jẹ́ ọmọdé tàbí bó bá ń lo oògùn sítẹ́rọ́ìdì.

Àwọn kan wà tọ́rọ̀ oúnjẹ kàn. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti dáṣẹ́ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣọ́ fọ́sífétì, mo máa dé orí ìyẹn. Ẹni tó ń gbé fítámì D alágbára mì lójoojúmọ́ láìjẹ́ pé dókítà ló kọ ọ́ fún un, tàbí tó ń jẹ oògùn inú kíkan tó ní kálíṣíọ̀mù bí ẹni ń jẹ súìtì, òun náà lè kó kálíṣíọ̀mù jọ sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ kó gbogbo ike oògùn yín dání tẹ́ ẹ bá ń bọ̀.

Kí ló wá ń fà á?

Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù ni pé ibẹ̀ ti farapa. Ẹran ara tó ti kú tàbí tí àrùn ti jẹ máa ń fa kálíṣíọ̀mù mọ́ra, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ò ní àléébù kankan. Iná tó jóni, abẹ́rẹ́, àpá iṣẹ́ abẹ, kòkòrò tó kú sínú ara, títí dórí àrùn tí ara fi ń bá ara rẹ̀ jà bíi lupus, scleroderma àti dermatomyositis.

Ọ̀nà kejì yàtọ̀. Ẹ ti rí ìdí kẹ́tùlù tí wọ́n ń fi omi kànga se tíì nínú rẹ̀, bó ṣe ń ní ìpẹ́pẹ́ funfun. Bí kálíṣíọ̀mù àti fọ́sífétì bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń dì sára ohun tí wọ́n bá bá pàdé, ibẹ̀ ì báà má farapa rí. Àìsàn kíndìnrín ló sábà máa ń fa èyí, tàbí kí àwọn ẹ̀yà ara kéékèèké mẹ́rin tó wà ní ọrùn, tí wọ́n ń pè ní parathyroid, máa ṣiṣẹ́ àṣejù.

Ó tún ku èyí tí ọwọ́ àwa òṣìṣẹ́ ìlera fà, àti èyí tí a wá ìdí rẹ̀ títí tí a ò rí i.

Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ ní ìdí nígbà tí mo wà ní kékeré, kókó rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ṣé ó léwu?

Kò léwu. Àwa tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ ibà tọ́ dàgbà, ẹ bá wa ya X-ray ìbàdí, ẹ ó rí i pé kókó wà lára ọ̀pọ̀ nínú wa. Ọ̀rá ibẹ̀ ló kú lẹ́yìn abẹ́rẹ́ tí kálíṣíọ̀mù fi bò ó. Bí kò bá dùn yín, tí kò tóbi sí i, ẹ fi sílẹ̀.

X-ray ẹsẹ̀ bàbá mi fi nǹkan bí okùn funfun tó ká jọ hàn. Kí ni?

Ẹ bi bàbá bóyá sòbìà ti ṣe wọ́n rí, tàbí bóyá wọ́n mu omi adágún ní abúlé nígbà èwe wọn. Bí aràn sòbìà bá kú sínú ara láìjáde, ara á fi kálíṣíọ̀mù wé e bí ẹni wé òkú, á sì wà níbẹ̀ títí ayé. Nígbà míì á ká bí okùn, nígbà míì á nà gbọọrọ.

Ní ìparí àwọn ọdún 1980, iye tí wọ́n kà ní Nàìjíríà lé ní 650,000, kò sí orílẹ̀-èdè tó ní i tó wa. Ọdún 2008 ni wọ́n rí ẹni tó ní i kẹ́yìn níbí, àjọ ìlera àgbáyé sì fún wa ní ìwé ẹ̀rí ní 2013 pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀. Nítorí náà aràn ẹsẹ̀ bàbá ti kú tipẹ́, kò nílò oògùn. Àwọn dókítà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ lè má rí irú rẹ̀ rí, pàápàá bí bàbá bá lọ kí yín ní Lọ́ńdọ̀nù tó jẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n ti ya fọ́tò náà. Ẹ bá wọn ṣàlàyé.

Wọ́n fa omi sí ọmọ tuntun mi lára, lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì ibẹ̀ le bí òkúta. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Ẹ wádìí bóyá kálíṣíọ̀mù wà nínú omi náà. Wọ́n máa ń fún àwọn ọmọ tuntun kan ní calcium gluconate nípasẹ̀ iṣan. Bí abẹ́rẹ́ bá yẹ̀ díẹ̀, tí omi náà tú sí ẹ̀gbẹ́ iṣan, ibẹ̀ lè wú, kó pọ́n, kó wá le. Èèyàn lè rò pé eéwo ni kó sì fẹ́ là á. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n là á láìya X-ray. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló máa ń yọ́ fúnra rẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí awọ ibẹ̀ bá ń dúdú tàbí tó ń ṣí, ẹ padà síbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ọmọ mi ní kókó líle ní ìgúnpá àti orúnkún, ó sì ti ń lẹ. Ṣé wọ́n jọ ń rìn ni?

Ìbéèrè yìí ni mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú fò dá. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ dermatomyositis ti ọmọdé, ìyẹn ni pé ara ọmọ náà ń bá iṣan àti awọ tirẹ̀ jà. Kókó kálíṣíọ̀mù máa ń yọ lára bí 20 sí 40 nínú 100 àwọn ọmọ tó ní àrùn náà, nígbà míì lẹ́yìn ọdún kan sí mẹ́ta. Bí ìtọ́jú bá ṣe pẹ́ tó ni kókó ṣe ń pọ̀ tó.

Ẹ wò ó bó ṣe ń dìde nílẹ̀. Ṣé ó ń fọwọ́ ti itan rẹ̀ kó tó lè nàró? Ṣé ó ń fi ọwọ́ fa ara rẹ̀ gun àtẹ̀gùn? Ṣé kì í lè gbé apá sókè kẹ́ ẹ fi di irun fún un? Ẹ wo ìpéǹpéjú rẹ̀ àti orí oríkèé ìka rẹ̀. Ìwé òyìnbó á sọ pé ibẹ̀ máa pupa. Lára àwa adúláwọ̀, ó lè dúdú ju ibi tó kù lọ, tàbí kó ní àwọ̀ elésè àlùkò díẹ̀, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń pè é ní ifo tí wọ́n ń fi ìpara pa á.

Dókítà á yẹ ẹ̀jẹ̀ wò bóyá iṣan ń bà jẹ́, á sì bẹ̀rẹ̀ oògùn bíi prednisolone àti methotrexate. Ẹ má dá a dúró nítorí pé oògùn náà mú ojú ọmọ wú tàbí pé ara rẹ̀ ti yá. Ọ̀lẹ kọ́ lọmọ yín.

Ìka mi máa ń funfun tàbí kó dúdú bí mo bá fọwọ́ kan omi fíríìjì, orí ìka náà sì ní nǹkan bí iyanrìn. Ṣé wọ́n tan mọ́ra?

Wọ́n tan dáadáa. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ìka yín ló ń fún pọ̀ bí ọ̀tútù bá kàn án. Raynaud ni wọ́n ń pe ìyẹn. Bó bá wà pẹ̀lú awọ tó ń le, tó ń fà, tí oúnjẹ sì ń há lọ́nà ọ̀fun, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ yín wò fún scleroderma. Bí ọ̀kan nínú mẹ́rin àwọn tó ní scleroderma ló máa ń ní kókó kálíṣíọ̀mù, orí ìka ló sì fẹ́ràn jù.

Ẹ fi sìgá sílẹ̀, torí òun náà ń fún iṣan pọ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ì báà jẹ́ nítorí ọ̀tútù ìlú òyìnbó tàbí nítorí ẹ̀rọ amúlétutù báńkì. Kò sóhun tó ń tini lójú nínú kéèyàn wọ ìbọ̀wọ́ ní Ìbàdàn.

Kókó kéékèèké pọ̀ ní awọ àpò kórópọ̀n mi. Ojú ń tì mí láti sọ.

Ẹ̀yin nìkan kọ́, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ti kọ nípa rẹ̀ láti ọdún 1883. Kókó náà lè jẹ́ ẹyọ kan tàbí kó lé ní 50, ó le, ó funfun, kì í sábà dunni, kò sì ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ìbálòpọ̀ tàbí ọmọ bíbí. Iṣẹ́ abẹ kékeré ń yọ ọ́ mọ́ tónítóní. Nínú gbogbo irú kálíṣíọ̀mù abẹ́ awọ, èyí ló rọrùn jù láti yanjú, àwọn tó ní i ló sì ń fi pamọ́ jù.

Àyẹ̀wò wo ni wọ́n máa ṣe fún mi?

X-ray, kí ẹ̀jẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Nínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n á wo kálíṣíọ̀mù, èyí tó sábà máa ń wà láàárín 8.5 àti 10.5 mg/dL lára àgbàlagbà, fọ́sífétì, fítámì D, iṣẹ́ kíndìnrín àti ti parathyroid. Bí ìwọ̀nyí bá dára, wọ́n á wá wá àrùn tí ara fi ń bá ara rẹ̀ jà. Bí ọ̀rọ̀ ò bá tíì yé wọn, wọ́n á gé bíńtín níbẹ̀ lọ sí láàbù; aró kan wà tí ń jẹ́ von Kossa tó máa ń sọ ibi tí kálíṣíọ̀mù wà di dúdú kirikiri.

Ṣé mo lè fi abẹ́rẹ́ tàbí bíléèdì tú u fúnra mi?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ẹ̀jẹ̀ kì í dé ibẹ̀ dáadáa, egbò rẹ̀ ń pẹ́ kó tó jinná, kòkòrò sì lè gba ibẹ̀ wọ eegun. Bó bá fúnra rẹ̀ ṣí, ẹ fi omi mímọ́ àti ọṣẹ wẹ̀ ẹ́, ẹ fi aṣọ egbò tó mọ́ bò ó. Ohun funfun tó ń jáde kì í ṣe ọyún dandan. Bó bá ń rùn, tó gbóná, tí ibà sì dé, kòkòrò ti wọ̀ ọ́ nìyẹn, ẹ wá gba oògùn.

Wọ́n ní ọsàn wẹ́wẹ́ máa ń yọ́ ọ. Àgbo ńkọ́?

Òótọ́ ni pé èèpo ẹyin á yọ́ bẹ́ ẹ bá rì í sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́. Ṣùgbọ́n èèpo ẹyin ò ní awọ lórí. Kí omi kíkan tó dé ọ̀dọ̀ òkúta abẹ́ awọ yín, á ti jó awọ náà. Bẹ́ ẹ bá mu ún, inú ló ń lọ, kì í lọ sí ìka. Òrí àti àdí ò ṣe nǹkan kan, wọ́n ń mú awọ rọ̀, ẹ lè máa fi wọ́n para. Àgbo tí ẹ ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ni mo bẹ̀ yín kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún, torí kíndìnrín ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń bá jà.

Oògùn òyìnbó wo ló wá wà?

Kò sí èyí tó dá gbogbo èèyàn lójú. Diltiazem, tó jẹ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ni wọ́n ń dánwò jù. Wọ́n tún ń lo minocycline, colchicine, oògùn tó ń mú eegun le bíi alendronate, àti sodium thiosulfate, tí wọ́n lè gún sínú kókó náà gan-an. Ó ń ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíì, kò ní í ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíì. Èyí tí mo rí i pé ó ń ṣèrànwọ́ jù ni kí wọ́n kápá àrùn tó wà nídìí rẹ̀ ní kíákíá.

Ṣé kí wọ́n gé e, ṣé kò ní í padà wá?

Bó bá ń dùn yín, tó ń ṣí, tí kò jẹ́ kí ẹ lè ká ìka, ẹ jẹ́ kí wọ́n gé e. Bó bá kàn jókòó jẹ́ẹ́, a sábà máa ń ní kẹ́ ẹ fi sílẹ̀. Ó lè padà wá, pàápàá nígbà tí àrùn ìdí rẹ̀ ṣì ń jà. Ti orí ìka ní ewu tirẹ̀ nínú scleroderma, torí egbò lè kọ̀ láti jinná. Ẹ wá oníṣẹ́ abẹ tó mọ ọwọ́.

Kókó ńlá wà ní ìbàdí mi, ẹ̀gbọ́n mi náà ní irú rẹ̀. Ṣé àjogúnbá ni?

Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Tumoral calcinosis ni wọ́n ń pè é. Ó máa ń wú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí, èjìká tàbí ìgúnpá, ó lè tó ọsàn, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ti rí i jù lára ìran adúláwọ̀. Kíndìnrín àwọn tó ní i ń dá fọ́sífétì padà sínú ẹ̀jẹ̀ dípò kó tọ̀ ọ́ dànù, nítorí àbùkù lára apilẹ̀-àbùdá bíi GALNT3 tàbí FGF23.

Ẹ rò ó bí ọ̀rọ̀ AS àti AS. Bàbá àti ìyá lè gbé e kí ara wọn le, kí ọmọ tó gbà á lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì wá ní i. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi ń yọ ọ́, wọ́n sì ń dín fọ́sífétì kù pẹ̀lú oúnjẹ àti oògùn. Bí díẹ̀ bá kù síbẹ̀, á tún wú.

Ṣé ó lè di jẹjẹrẹ?

Kálíṣíọ̀mù fúnra rẹ̀ kì í di jẹjẹrẹ. Àmọ́ jẹjẹrẹ kan wà tó máa ń ní kálíṣíọ̀mù nínú, bíi synovial sarcoma tó ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ oríkèé àwọn ọ̀dọ́. Ìdí nìyí tí mi ò fi ń fọwọ́ sọ̀yà pé "kálíṣíọ̀mù lásán ni" nípa kókó jíjìn tó ń dàgbà kíákíá. Kí wọ́n ya á, kí wọ́n gé díẹ̀ wò.

Wọ́n ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún màmá mi nítorí kíndìnrín, itan wọn wá dúdú, ó sì ń dùn wọ́n gidi. Ṣé egbò lásán ni?

Ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn lónìí. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ calciphylaxis: kálíṣíọ̀mù ti dí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín inú ọ̀rá, awọ orí rẹ̀ sì ń kú. Ìrora rẹ̀ máa ń ju ohun tí ojú rí lọ. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ bí àmì àwọ̀n lára awọ ikùn, itan tàbí ọmú, kó tó di èèpá dúdú. Nínú ọ̀pọ̀ ìròyìn, ó lé ní ìdajì àwọn tó ní i tó ń kú láàárín ọdún kan, kòkòrò tó ń gba ojú egbò wọlé ló sì sábà máa ń pa wọ́n.

Ẹ sọ fún dókítà bí wọ́n bá ń lo warfarin (oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì), kálíṣíọ̀mù tàbí fítámì D, torí ó lè ní kí wọ́n dá wọn dúró tàbí kí wọ́n pààrọ̀ wọn. Ẹ má dá warfarin dúró fúnra yín. Wọ́n ń fún àwọn míì ní sodium thiosulfate nígbà tí wọ́n bá ń fọ ẹ̀jẹ̀. Nílé, kóòkì ẹlẹ́rìndòdò àti ẹran inú agolo ló ń gbé fọ́sífétì wọlé jù. Ẹ mú wọn kúrò níwájú màmá.

Wọ́n ní kì í ṣe kálíṣíọ̀mù, eegun ló ń hù nínú ẹran ara ọmọ mi. Kí ni ìyàtọ̀?

Kálíṣíọ̀mù lásán dà bí ẹfun, kò ní ètò. Eegun ní ẹ̀jẹ̀, ní mùdùnmúdùn, ó ń dàgbà. Ó lè hù lẹ́yìn tí iṣan bá fara gbá nǹkan gidi, ìyẹn sì máa ń dúró tó bá yá. Ṣùgbọ́n àrùn kan wà tí kò wọ́pọ̀ rárá, tí ń jẹ́ FOP, níbi tí iṣan àti okùn oríkèé ti ń di eegun díẹ̀díẹ̀ títí ara á fi gan pa. Ní 2006 ni wọ́n rí àbùkù tó fà á lára apilẹ̀-àbùdá ACVR1. Ará Amẹ́ríkà kan, Harry Eastlack, tó kú ní 1973, fi egungun rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́; ó wà ní Mütter Museum ní Philadelphia títí dòní, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má nílò wáyà láti so ó pọ̀ bíi ti àwọn yòókù.

Ẹ wo àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọmọ náà méjèèjì. Bí wọ́n bá kúrú, tí wọ́n sì tẹ̀ sí inú láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé kókó náà, ì báà jẹ́ bíńtín fún àyẹ̀wò, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ inú iṣan, torí ibi tí wọ́n bá gún ni eegun tuntun á ti hù. Ẹ kọ ọ́ sí ojú ìwé àkọ́kọ́ nínú káàdì rẹ̀, pẹ̀lú bíírò pupa.